Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù orin àti fídíò: bí ẹni tí kò ríran ṣe lè lò ó láìpe ẹnikẹ́ni sí i

Iṣẹ́ ìtúnṣe ohùn ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn. Ìwàásù ọjọ́ Àìkú, ètò rédíò, ewì tí akéwì kà sínú fóònù nínú yàrá rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá kí n lè gé ikọ́ kúrò, kí n dín ariwo jẹnẹrétọ̀ kù, kí n sì mú ohùn dọ́gba kó tó bọ́ sétí aráyé. Mi ò ríran. NVDA ló ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí mi létí, TalkBack ló ń ka ti fóònù; screen reader ni a ń pe irú áàpù bẹ́ẹ̀. Áàpù olóhùn ni ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì tètè ń mọ èyí tí ẹni tó kọ ọ́ rántí pé a wà láyé àti èyí tí kò rántí wa rárá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ kóòdù ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù ìgbọ́rin, áàpù pọ́díkáàsì, áàpù fídíò, áàpù ìgbohùnsílẹ̀.

Ohun kan mú kí áàpù tiyín yàtọ̀ sí ti ilé ìfowópamọ́. Lọ́hùn-ún, ohùn screen reader nìkan ló wà létí wa. Nínú tiyín, ohùn méjì ló ń du etí kan náà: orin tàbí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbọ́, àti screen reader tó ń sọ ibi tí ọwọ́ wa wà. Nítorí náà, iṣẹ́ yín di méjì: kí áàpù dáhùn nígbà tí a bá bi í, kó sì dákẹ́ nígbà tí a kò bi í. Èkejì yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun ni màá sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta

Screen reader kì í wo àwòrán ojú ẹ̀rọ. Ìbéèrè ló ń bi áàpù, láti ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti là sílẹ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lórí Windows, UI Automation ni, pẹ̀lú MSAA tó ṣáájú rẹ̀, tó ti wà láti 1997. Mac àti iPhone ní tiwọn, Android ní tiẹ̀, Linux ń lo AT-SPI. Ohun tó ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ: kí ni orúkọ rẹ, irú nǹkan wo lo jẹ́, ipò wo lo wà báyìí? Tí mo bá tẹ Tab tí mo bọ́ sórí bọ́tìnnì kan, tó sì dáhùn pé "Bẹ̀rẹ̀, button", mo ti mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Nínú WCAG, ìlànà tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, gbé kalẹ̀ lórí ìráàyèsí (accessibility), abẹ́ 4.1.2 ni ẹ ti máa rí i.

Bọ́tìnnì tí ẹ̀rọ ti ṣe sílẹ̀ fún yín mọ irú ohun tí òun jẹ́, ó sì mọ ipò tí òun wà. Orúkọ nìkan ló kù kí ẹ fún un. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ bá ti ya àwòrán tara yín, tí ẹ wá pàṣẹ pé bí ìka bá kàn án kó ṣe báyìí báyìí. Lójú, ó lè rẹwà. Létí, kò sí níbẹ̀, tàbí kó wà níbẹ̀ láìlórúkọ. Áàpù pọ́díkáàsì kan wà lórí fóònù mi tó jẹ́ pé bí mo bá ń fi ìka rìn lórí rẹ̀, "unlabelled, button", "unlabelled, button" ni TalkBack ń sọ láti òsì dé ọ̀tún. Ọ̀kan nínú wọn ló ń bẹ̀rẹ̀ ètò, ọ̀kan ló ń pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ẹ wo irú ewu bẹ́ẹ̀.

Fífún bọ́tìnnì lórúkọ kò gba àkókò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aria-label ni, tàbí kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sínú bọ́tìnnì gan-an, èyí tó tún dára jù. Lórí Android, contentDescription. Lórí iPhone, accessibilityLabel. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Flutter, tooltip tí ẹ bá fi sórí IconButton ti tó. Ibi tí kò bá sí, ẹ fi Semantics yí i ká. Ẹ̀yin ti React Native, accessibilityLabel pẹ̀lú accessibilityRole.

Iṣẹ́ tí bọ́tìnnì ń ṣe ni kí ẹ fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹ má fi àwòrán tó wà lára rẹ̀ sọ ọ́. "Fo ìṣẹ́jú àáyá 30 síwájú" ni mo fẹ́ gbọ́. "Ọfà tó tẹ̀" kò wúlò fún mi. Ẹ má kọ "bọ́tìnnì" mọ́ orúkọ náà, screen reader á fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Tí orin ogún bá sì wà nínú àtòkọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì "Àṣàyàn mìíràn" tirẹ̀, ẹ fi àkọlé orin mọ́ ọn, torí bí mo bá ń ti orí bọ́tìnnì kan bọ́ sórí èkejì, "Àṣàyàn mìíràn" nígbà ogún kò sọ fún mi pé ti orin wo ni mo wà.

Bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdádúró ní ẹ̀tàn kan nínú. Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ mú ọ̀kan. Ẹ lè jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ máa yí padà láti "Bẹ̀rẹ̀" sí "Dá a dúró", tàbí kí orúkọ dúró sójú kan kí aria-pressed sì máa sọ bóyá ó wà ní títẹ̀. Áàpù tó bá pa méjèèjì pọ̀ á máa sọ fún mi pé "Dá a dúró, pressed". Ṣé ó ti dúró ni, àbí ó ń lọ? Ẹni tí orin rẹ̀ ṣì dákẹ́ nítorí íntánẹ́ẹ̀tì kò yá kò ní mọ̀.

Ìlà àkókò

Ìlà tí ẹ fi ń fa orin síwájú sẹ́yìn, slider yẹn, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú áàpù tuntun. Ẹni tó ríran á fi máòsì mú un, á wọ́ ọ lọ. Àwa ò lè wọ́ ohun tí a kò mọ ibi tó wà. Ẹ jẹ́ kí Tab dé orí rẹ̀, kí ọfà òsì àti ọfà ọ̀tún máa sún un ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún, kí Page Up àti Page Down máa gbé e ní ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí Home gbé e dé ìbẹ̀rẹ̀, kí End gbé e dé òpin. Ìwàásù wákàtí méjì kò ṣeé fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún rìn já. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí n gbàdúrà fún yín, ẹ ṣe àpótí kékeré kan tí mo lè kọ 1:12:40 sí kí n tẹ Enter, kí n sì bá ara mi níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ìlà náà ń sọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fún un ní role="slider", aria-valuemin, aria-valuemax àti aria-valuenow. Ṣùgbọ́n tí aria-valuenow bá jẹ́ 760, "760" ni màá gbọ́, èmi kọ́ ni mo fẹ́ máa fi 60 pín in. Ẹ fi aria-valuetext kún un, kó sọ pé "ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú àáyá 40 nínú wákàtí 2". Lórí Android, SeekBar á máa sọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún bí ẹ kò bá fún un ní stateDescription; ìdá mẹ́wàá ìwàásù kò sì tọ́ka sí ibì kan pàtó fún mi. Lórí iPhone, accessibilityValue ni, kí ẹ sì sọ ìlà náà di adjustable kí fífa ìka sókè àti sísàlẹ̀ lè máa sún un. Slider ti Flutter ní semanticFormatterCallback fún iṣẹ́ yìí kan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé. Ẹ̀rọ ìṣàwákiri máa ń ta áàpù lólobó nípasẹ̀ timeupdate bí ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ìṣẹ́jú àáyá kan pé orin ti sún síwájú. Ẹni tó kọ kóòdù á wá mú àkókò tuntun yẹn, á kọ ọ́ sínú aria-valuetext ní gbogbo ìgbà. Lójú, kò sí aburú. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà lórí ìlà náà, screen reader á rí i pé iye ti yí padà, á kà á: ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú àáyá 40, ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú àáyá 41, ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú àáyá 42. Ọ̀rọ̀ olùwàásù ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nǹkan kan ṣoṣo tí mo sì lè ṣe ni kí n sá kúrò lórí ìlà náà, ìyẹn ibi tí mo nílò láti wà.

Àtúnṣe rẹ̀ rèé. Ẹ jẹ́ kí àwòrán ìlà máa rìn bó ṣe ń rìn. Ọ̀rọ̀ inú aria-valuetext, ẹ yí i padà nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí ìlà àti nígbà tí mo bá fọwọ́ ara mi tẹ ọfà. Bí orin bá ń dá rìn tí mo sì wà lórí ìlà náà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá ṣe bọ́tìnnì kan, tàbí àṣẹ kíbọ́ọ̀dù kan, tí yóò sọ àkókò nígbà tí mo bá béèrè. Ìlà kóòdù díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun ló máa pinnu bóyá màá lo áàpù yín fún iṣẹ́ tàbí màá yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Ohùn méjì, etí kan

Ẹ má ṣe kéde ohun tí etí ti gbọ́. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, mo ti gbọ́ pé ó bẹ̀rẹ̀; ìkéde "orin ti bẹ̀rẹ̀" á kàn bo ìbẹ̀rẹ̀ orin mọ́lẹ̀ ni. Ohun tó yẹ kí ẹ kéde ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ láìdún: íntánẹ́ẹ̀tì já, orin ń dúró de dátà, fáìlì ti wọlé tán, àyè orí fóònù ti kún. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lo aria-live="polite" kó lè dúró kí screen reader parí ohun tó ń sọ lọ́wọ́. Assertive, tó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi í pamọ́ fún ohun tó lè ba iṣẹ́ ẹni jẹ́, bíi kí ìgbohùnsílẹ̀ dúró lójijì nígbà tí akéwì ṣì ń ké ewì. Lórí Windows 10 láti ẹ̀dà 1709, UiaRaiseNotificationEvent wà fún irú ìkéde yìí.

Orin tó ń dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ojú ìwé bá ti ṣí, ìyà ńlá ni fún wa. Ó bo screen reader mọ́lẹ̀, screen reader yẹn náà ni mo sì nílò láti fi wá bọ́tìnnì tí màá fi pa á. WCAG 1.4.2 sọ pé ohùn tó bá dá bẹ̀rẹ̀ tó ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí a lè gbà dá a dúró tàbí dín in kù. Ní tèmi, kó má dá bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ fún áàpù yín ní fọ́lúùmù tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà lápapọ̀, kí ọfà sì lè sún un. Bí fọ́lúùmù kọ̀ǹpútà nìkan bá wà, bí mo ṣe ń rẹ orin sílẹ̀ ni mo ń rẹ screen reader náà sílẹ̀. NVDA lè rẹ ohùn àwọn áàpù yòókù sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. NVDA+Shift+D ni a fi ń yan bí a ṣe fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún ohùn ṣe kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ohùn tó ń lọ sókè sódò kò ṣeé dá lẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí áàpù iṣẹ́ jẹ́ ká yan ibi tí ohùn rẹ̀ máa gbà jáde. Èmi máa ń jẹ́ kí NVDA gba ẹnu kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ jáde, kí iṣẹ́ tí mò ń ṣe sì gba íàpíìsì jáde. Audacity àti REAPER, áàpù ìtúnṣe ohùn méjì tí mo ń lò, gbà mí láàyè láti ṣe é. Lórí Android, bí ẹ̀rọ bá sọ fún áàpù yín pé kó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kó rọ̀ ọ́ ni, kó má dá orin dúró. Áàpù tó ń dá dúró ní gbogbo ìgbà tí TalkBack bá la ẹnu kò ṣeé gbádùn.

Ìgbohùnsílẹ̀ ló le jù. Mo tẹ bọ́tìnnì "Gba ohùn sílẹ̀", máìkì ti ṣí, screen reader sì ń ka orúkọ bọ́tìnnì náà lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ti bá ti ẹlẹ́wì wọ inú fáìlì. Lórí iPhone, ojútùú rẹ̀ wà: ẹ fi trait tó ń jẹ́ startsMediaSession sórí bọ́tìnnì náà, VoiceOver, screen reader ti iPhone, á pa ẹnu mọ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Lórí àwọn ẹ̀rọ yòókù, ẹ jẹ́ ká lè yan pé kí máìkì dúró díẹ̀ kó tó ṣí, kí fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan bó bá ti ṣí, kó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì bó bá ti tì. Gbígbọ̀n, ọwọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Kíbọ́ọ̀dù

Ohunkóhun tí máòsì lè ṣe nínú áàpù yín, kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ lè ṣe é. Gbogbo ìwé ló ti sọ èyí, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ìwé kì í sọ tó ni ti àwọn lẹ́tà ẹyọ kan. YouTube ń lo K láti dá fídíò dúró, J àti L láti padà sẹ́yìn àti láti lọ síwájú, M láti pa ohùn. Ṣùgbọ́n lórí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, NVDA ti gba àwọn lẹ́tà yìí fún iṣẹ́ tirẹ̀: K ń gbé mi lọ sórí líǹkì tó kàn, L lọ sórí àtòkọ tó kàn, M lọ sórí frame. Ẹni tó mọ̀ pé NVDA+Space ló ń gba kíbọ́ọ̀dù padà fún ojú ìwé á rí ọ̀nà gbà; ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò ní mọ̀. Ẹ lè fi lẹ́tà ẹyọ kan ṣe ọ̀nà àbùjá, kò burú, ṣùgbọ́n kí bọ́tìnnì gidi wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì lè pa àwọn lẹ́tà náà tàbí yí wọn padà. Ẹ má sì gbé role="application" lé gbogbo ojú ìwé lórí kí ẹ lè gba lẹ́tà; ẹ ti gba gbogbo ọ̀nà tí a fi ń kàwé lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ctrl nìkan láìfi nǹkan mìíràn mọ́ ọn, a fi ń pa screen reader lẹ́nu mọ́. Insert àti Caps Lock, a fi ń pàṣẹ fún un. Ẹ yẹra fún wọn.

Àwọn áàpù fídíò ní àṣà kan: bí máòsì kò bá mira fún ìgbà díẹ̀, gbogbo bọ́tìnnì á wọlé pamọ́ kí àwòrán lè hàn dáadáa. Èmi kì í mi máòsì. Bí ẹ bá fi display: none pa wọ́n mọ́, wọ́n ti kúrò létí mi náà, ibi tí mo dúró sí sì ti wó mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ lo opacity, kí wọ́n má hàn sójú ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì hàn padà bí Tab bá ti kan ọ̀kan nínú wọn. Bákan náà, bí mo bá pa orin kan rẹ́ nínú àtòkọ, ẹ gbé mi sórí orin tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá pa mẹ́nù dé, ẹ dá mi padà sórí bọ́tìnnì tó ṣí i. Fídíò tó bá ní ohùn àpèjúwe, tí ẹnì kan ti ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn òṣèré dákẹ́, ibi tí a ti ń yàn án gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí kíbọ́ọ̀dù dé. Nínú fíìmù Yorùbá, ìjà àti ìrìn nínú igbó lè gbé ìṣẹ́jú púpọ̀ láìsí ọ̀rọ̀, ìlù nìkan la ó sì máa gbọ́.

Ẹ so áàpù mọ́ MediaSession lórí Android, ẹ sì kọ accessibilityPerformMagicTap lórí iPhone. Lórí ẹ̀rọ méjèèjì, bí a bá fi ìka méjì kan ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì kíá, orin á dúró tàbí á tẹ̀síwájú, ibikíbi tí a bá wà nínú áàpù. Òun ni mo ń lò jù lọ nínú ọkọ̀, nígbà tí kọ̀ndọ́kítọ̀ bá ń pe owó.

Áàpù ìtúnṣe ohùn

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí ni pé báwo ni ẹni tí kò rí àwòrán ìgbì ohùn ṣe lè gé e. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń yọ ikọ́ kúrò nínú ìwàásù pẹ̀lú Audacity. Mo tẹ Space, ìwàásù ń lọ. Bí mo bá gbọ́ ikọ́, mo padà sẹ́yìn díẹ̀, mo jẹ́ kó tún dé. Kété kó tó bẹ̀rẹ̀, mo tẹ [, ìbẹ̀rẹ̀ ti sàmì. Kété tó parí, mo tẹ ], òpin ti sàmì. Mo dá a dúró, mo wá tẹ C. C yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ó ń jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ṣáájú ikọ́ àti ohun tó tẹ̀ lé e bíi pé mo ti gé ikọ́ náà, láìtíì gé e. Bí ọ̀rọ̀ bá fò, mo sún ààlà díẹ̀, mo tún tẹ C. Bó bá dọ́gba, Delete. Mo lè tẹ Ctrl+M nígbà tí ohùn ń lọ, kí n fi àmì ọlọ́rọ̀ síbẹ̀ pé "ẹsẹ Bíbélì kejì" kí n lè padà wá.

Ẹ wò ó pé kò sí ibi tí àwòrán ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má wàhálà láti ṣàpèjúwe ìgbì ohùn fún wa. Ẹ fún wa ní ọ̀nà láti fi àmì sí ohùn bó ṣe ń lọ, ọ̀nà láti gbọ́ àbájáde ká tó gbà á, ọ̀nà láti kọ àkókò ní nọ́ńbà, àti nọ́ńbà agbára ohùn nígbà tí a bá béèrè. Iná pupa tó ń tàn bí ohùn bá ti pọ̀ jù kò kàn wá. Ẹ jẹ́ kí áàpù sọ pé tíráàkì 2 ti kọjá odo dB, ìyẹn òkè ìwọ̀n agbára ohùn.

REAPER ni àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù. Ìrànlọ́wọ́ kan wà fún un tó ń jẹ́ OSARA, ọ̀fẹ́ ni, James Teh ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá NV Access, àjọ tó ń ṣe NVDA, sílẹ̀. Èkejì rẹ̀, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ NVDA ní 2006. Afọ́jú ni àwọn méjèèjì. Bí mo bá ń fi ọfà rìn lórí àwọn tíráàkì, OSARA á sọ nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, bóyá wọ́n ti pa á lẹ́nu, bóyá ó ti múra láti gba ohùn, á sì dákẹ́. Ó ní Peak Watcher, tí mo lè sọ fún pé kó ta mí lólobó bí ohùn tíráàkì kan bá kọjá ìwọ̀n tí mo yàn. Mo lè fi í sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ẹnu máìkì nígbà tí mò ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀. Ohun tó mú èyí ṣeé ṣe ni pé REAPER fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kọ àfikún sí i. Bí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra yín, ẹ ṣílẹ̀kùn.

Irinṣẹ́ tí ẹ fi ń ya ojú áàpù náà ṣe pàtàkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. JUCE, tí ọ̀pọ̀ plugin ohùn ń lò, ti ń dá screen reader lóhùn láti ẹ̀dà 6.1. Qt náà ń dáhùn. Dear ImGui kò ní ìdáhùn kankan fún screen reader, bó ti wù kó yá tó.

Àmì ohùn Yorùbá

Èyí kan àwa nílé. Ọ̀ àti ẹ́ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan nínú Unicode. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó jókòó lé e, méjì ni. Bí áàpù yín bá ń ka àkọlé orin lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tàbí tó ń gé àkọlé gígùn kúrú, ó lè já lẹ́tà kúrò lára àmì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwárí máa fo àmì: ẹ tú ọ̀rọ̀ sí NFD, ìyẹn ọ̀nà Unicode tó ń ya lẹ́tà kúrò lára àmì rẹ̀, ẹ yọ àwọn àmì kúrò, kí ẹ tó fi wéra. Ẹni tó bá kọ "ayinla" gbọ́dọ̀ rí Àyìnlá Ọmọwúrà. Kíkọ àmì lórí kíbọ́ọ̀dù fóònù pẹ̀lú TalkBack kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ẹ má fi í ṣe ẹnubodè orin. Bí ojú áàpù bá wà ní Yorùbá, ẹ kọ lang="yo" síbẹ̀ kí screen reader mọ èdè tó ń kà.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

NVDA kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé e sórí Windows, ẹ pa máòsì tì. Nínú ètò rẹ̀, ẹ tan Screen Curtain kí ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe iṣẹ́ tí èmi náà máa ṣe: ẹ ṣí orin kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ fò dé ìṣẹ́jú 12, ẹ dín fọ́lúùmù kù, ẹ béèrè àkókò, ẹ fi orin náà sínú àtòkọ, ẹ yọ ọ́ padà, ẹ pa áàpù dé. NVDA+Tab á sọ ibi tí ẹ wà. NVDA+F1 á ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ ti lè rí orúkọ, irú àti ipò ohun náà bí NVDA ṣe rí i. Bí ohùn rẹ̀ bá yára jù fún yín, Speech Viewer tó wà nínú mẹ́nù Tools á kọ gbogbo ohun tó ń sọ jáde, bí ẹ bá tan ojú kọ̀ǹpútà padà. Lórí fóònù, ẹ tan TalkBack. Accessibility Scanner ti Google á tọ́ka sí bọ́tìnnì tí kò lórúkọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín pé áàpù yín ń sọ̀rọ̀ jù. Etí yín ló máa sọ ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tí kò ríran tó ń lo ẹ̀rọ lójoojúmọ́, ẹ san owó iṣẹ́ fún un, ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ ibi tí nǹkan wà fún un. Bó bá kọ ìwé ẹ̀sùn sí yín lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ béèrè orúkọ àti ẹ̀dà screen reader rẹ̀, bọ́tìnnì tó tẹ̀, ohun tó gbọ́, àti ohun tó rò pé òun máa gbọ́.

Mo ti sanwó fún áàpù kan rí tí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ lórúkọ. Wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe kó lè bá ìgbà mu, orúkọ gbogbo wọn sì parẹ́ ní òru ọjọ́ kan, iṣẹ́ oníbàárà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìrántí ẹnì kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìdánwò tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó máa wo gbogbo bọ́tìnnì ojú áàpù, kó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ̀dà tuntun jáde bí ọ̀kan bá wà tí kò lórúkọ. Ti ìlà àkókò, ẹ máa fi etí gbọ́ ọ fúnra yín kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó jáde, pẹ̀lú orin tó ń lọ lọ́wọ́.